Lẹ́tà Tí Áyọ́ọ̀nù Kọ́kọ́ Kà

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ọlọ́dà Kékeré, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí tíì àti búrẹ́dì náà lo ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Àwa wà níbí, a ò kú, a ò sì sanra. Àbúrò mi alágbàfọ̀ ló ń bá mi kọ èyí, bó ṣe ń bá mi kọ gbogbo lẹ́tà láti ọdún méjì tí ojú ti kọ̀ mí sílẹ̀. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, òun ló fi í síbẹ̀.

(Irọ́ ni o, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mò ń kọ. Èmi bàbá rẹ alágbàfọ̀ ni mo sọ èyí.)

Ọ̀pá funfun tí o fi ránṣẹ́ dé. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀pá funfun ṣe? Èmi tí mo fi ọ̀dà kọ gbogbo pátákó tó wà ní òpópónà yìí, láti orí ti oníṣègùn eyín títí dé ti àwọn tó ń kan pósí! Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà. Èmi kì í ṣe afọ́jú. Ojú mi ló ń sinmi. Ẹnikẹ́ni tó bá pè mí ní afọ́jú, kó má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Àbúrò mi ti fi ọ̀pá náà kọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní gígùn rẹ̀ dára.

Jẹ́ kí n fún ọ lẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní ìkóríta ní àwọn ti ṣe pátákó tí ẹni tí kò ríran lè fọwọ́ kà. Wọ́n fi mọ́tò wá gbé mi. Alága wọn gbẹ́nu sétí mi, ó pariwo pé, "Ẹ KÁÀBỌ̀ O, BÀBÁ!" Mo ní kó rọra, ojú ló lọ, etí ò bá a lọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé e lé pátákó náà. Gíláàsì ni mo bá pàdé. Wọ́n ti fi gíláàsì bò ó, kí ọwọ́ ará ìlú má baà dọ̀tí rẹ̀! Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò mi níbi tí mo ti ń ka gíláàsì.

(Èmi náà tún nìyí o. Ilé wa mọ́, ọmọ mi, má ṣàníyàn. Kò sí ìwé tó ń wọlé yìí tí áyọ́ọ̀nù mi kì í kọ́kọ́ kí. Ìwé ìròyìn ni o, káàdì ni o, lẹ́tà tìrẹ gan-an, bó bá ti rún lọ́nà, màá tẹ́ ẹ kó dán kí n tó kà á fún bàbá rẹ. Ọmọlúàbí kì í ka ìwé tó rún. Ìròyìn mìíràn: ọmọ aránṣọ tó wà lódìkejì ń fẹ́ ọkùnrin tí kò ríran. Mo ní ṣé ojú òun náà ti fọ́ ni? Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì, ìyẹn ni pé wọ́n gbà fún mi.)

Má pè mí lórí fóònù mọ́. Orí káńtà ṣọ́ọ̀bù ló wà. Bí o bá ní "ẹ kú ilé", gbogbo ẹni tó wá gba ṣòkòtò ló ń dá ọ lóhùn.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àmúmọ́ra àbúrò yín. Bàbá Alágbàfọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ẹnu náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀pá mi kúrò lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì.

Bàbá, ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bí mi nínú. Níbi iṣẹ́ wa níbí, ìwé afọwọ́kà là ń tẹ̀. Kókó kéékèèké mẹ́fà péré ni, bí wọ́n bá ṣe tò ó lórí ìwé ni yóò sọ lẹ́tà tó jẹ́, ìka á sì máa kà á lọ. Ọ̀gá wa tó ń paṣẹ fún wa kò fọwọ́ ka ẹyọ kan rí láyé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kan pátákó afọwọ́kà kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dorí rẹ̀ kodò. Gbogbo àwa olójú dúró níwájú rẹ̀, a ní ó mà dára o. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń bá wa yẹ ìwé wò, tí kò ríran láti kékeré, ló na ọwọ́ kàn án. Ó bi wá pé ta ló ń fẹsẹ̀ sókè nínú wa. Ọ̀gbẹ́ni yẹn gbọ́n. Ọ̀gbẹ́ni yẹn náà ló sọ fún mi pé ẹni tó ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó fún ogójì ọdún, ìka rẹ̀ á ti gbọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ.

Bàbá, obìnrin kan ń kọ́ni ní ìwé yìí lẹ́yìn ilé ìkàwé yín. Mo ti kọ̀wé sí i. Ẹ lọ. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá wù yín, mi ò tún ní dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin

Ọlọ́dà Kékeré,

Mo lọ. Má yọ̀ jù.

Obìnrin tó ń kọ́ wa, òun náà kò ríran, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le bíi ti ọ̀gá ṣọ́jà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé ojú mi ló ń sinmi. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ wá kàwé ni àbí ẹ wá gbéra ga? Nítorí ìjókòó ti ìgbéraga wà níta." Mo jókòó. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

(Ó fún wọn ní pátákó kan mú wálé, ó kan èèkàn igi mẹ́fà mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó orí ìṣó. Òun ni wọ́n ń fọwọ́ pa káàkiri ilé. Mo ti wá mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé afọwọ́kà báyìí, ẹnì kan ò lè tàn mí jẹ mọ́: igi ni. Ọmọ mi, ọ̀gbẹ́ni wo lo dárúkọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú lẹ́tà kan?)

Ní kíláàsì, olùkọ́ mi ti gbé mi kúrò lórí pátákó, ìwé gidi ni mò ń kà níbẹ̀ báyìí. Lánàá, mo ka ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Omi" ni. Omi lásán! Ọmọ mi, mo sunkún. Ọdún méjì nìyí tí ọ̀rọ̀ kankan kò ti wọ inú mi láìgba ẹnu ẹlòmíràn kọjá.

Nítorí náà, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Fi ìwé afọwọ́kà kọ lẹ́tà kan sí mi. Sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ gan-an fún mi, nítorí mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kọ èyí tí àbúrò mi ò ní lè kà.

(Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó dùn mí o. Mo ń retí pátákó rẹ.)

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ rọra fi ìka lọ. Èmi fúnra mi ni mo fi irin gún gbogbo kókó yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá rí àṣìṣe, ti ọwọ́ mi ni.

Àwa méjì péré ló wà níbí báyìí. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ wa. Bàbá, ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ ẹ. Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ìwé wò ni. Ẹ ti mọ̀, àbí? Ó kọ́ mi níṣẹ́, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, kì í purọ́. Kò ríran. Mo ti gbọ́ ohun tí Bàbá Alágbàfọ̀ sọ nípa ọmọ aránṣọ. Ti ẹ̀yin ni mi ò tíì gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nípa ara yín, mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa fẹ́ gbọ́ ọ nípa ọkọ ọmọ yín. Ẹ̀rù yín ń bà mí.

Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó: ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá ní kí n fẹ́ ẹ, màá fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ní rárá, mi ò ní fẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ máa pa mí lẹ́kún. Mi ò ní ìyá mọ́, ẹ̀yin nìkan ni mo ní láti bi. Ẹ fi ọwọ́ ara yín dá mi lóhùn, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ alágbàfọ̀ ni, èmi nìkan. Lẹ́tà rẹ dé. Mo gbé e fún bàbá rẹ. Wọ́n ní kí n jáde, kí n sì ti ilẹ̀kùn. Mo jáde. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún wákàtí méjì, nítorí pé mo ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí ìwé.

Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn ti yí padà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló sọ?" Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó ní kí n mú abala ìwé kan tí ẹnì kankan kò kọ nǹkan sí, kí n fi í sínú àpòòwé, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní ṣé kí n kọ "ẹ kú ilé" síbẹ̀ ni? Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun.

Òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Mo bá ọ tẹ́ ẹ kó dán.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Mo rí èsì yín. Mo gbé e síbi iná, mo yí i padà, mo fi ìka wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá ẹ gún kókó kan ṣoṣo síbẹ̀. Kò sí. Ó ti yé mi. Ohun tí mo bi yín burú tó bẹ́ẹ̀ tí kò tilẹ̀ yẹ fún "rárá".

Mi ò ní bá yín jà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, mo dúró lé e lórí. Mo máa lọ dá ọjọ́ náà padà kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹni tó kàn gbọ́ ọ, ó ní kí n má bínú sí yín. Ṣùgbọ́n mo ń bínú, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ tinú mi. Mo sọ ọ́, ẹ sì fún mi ní ìwé tó mọ́.

Mi ò rò pé màá lè kọ̀wé mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje

Ìwọ ọmọ yìí!

Mi ò kí ọ. Nígbà tí orí rẹ bá pé, màá kí ọ. Irú lẹ́tà wo lo kọ sí bàbá rẹ? Mo kà á fún wọn dé ibi "ìwé tó mọ́", wọ́n ní kí n dákẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n dojú kọ ògiri. Wọn ò lọ sí kíláàsì mọ́. Obìnrin ṣọ́jà yẹn wá kanlẹ̀kùn, wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé, láti inú yàrá ni wọ́n sì ti ń pariwo rẹ̀ kí ó gbọ́. Pátákó onígi yẹn, wọ́n ní kí n fi í dáná. Kí lo bi wọ́n? Ọjọ́ wo lo fẹ́ dá padà? Ta ni "ẹni tó kàn"?

Ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Gbogbo wa ń retí pátákó igi, àfi kí n ṣí àpòòwé, kí n bá abala ìwé líle mẹ́ta, láìsí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lójú rẹ̀! Òjò ló sì ti pa á lọ́nà, ó ti lé kókókókó bí ara ẹni tí kòkòrò jẹ. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún àgbàlagbà? Èmi ni mo bò ọ́ láṣìírí. Mo wọ́n omi sí i, mo gbé áyọ́ọ̀nù ńlá, èyí tí mo fi ń lọ kóòtù adájọ́, mo tẹ̀ ẹ́ níwájú, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, títí kò fi sí kókó kan níbẹ̀ mọ́. Ó dán bí àwo. Ìgbà náà ni mo tó gbé e fún bàbá rẹ. O ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èébú lo bù wá.

Èmi, alágbàfọ̀.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Bàbá Alágbàfọ̀!

Yéè! Mo gbé! Ẹ ti pa mí o!

Kókó yẹn ni lẹ́tà náà! Kì í ṣe òjò! Kì í ṣe kòkòrò! Ọ̀rọ̀ ni! Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gún un, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀! Pátákó onígi tí ẹ rí, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n ń fi òkúta kọ́ ọmọdé ní oókan, eéjì. Òfìfo ni bàbá mi rí. Òfìfo lẹ jẹ́ kí wọ́n rí! Èmi náà sì jókòó síbí, mo ń bínú sí àgbàlagbà tí kò ṣẹ̀ mí.

Mo bú sẹ́kún nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo tún bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará ibi iṣẹ́ rò pé nǹkan ti kọlù mí. Orí ló kó mi yọ: mo ti lọ láti dá ọjọ́ yẹn padà, akọ̀wé ọ́fíìsì wọn ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba ọjọ́ wà, èyí tí wọ́n fi ń dá a padà ló ti tán, kí n padà wá lóṣù kẹwàá. Láyé mi, mi ò tíì fẹ́ràn ìyà tí ọ́fíìsì fi ń jẹni tó báyìí.

Ẹ ka gbogbo èyí sókè fún bàbá mi, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kan, pàápàá ibi áyọ́ọ̀nù. Ẹ wá gbé ohun tó wà nínú páálí yìí fún wọn. Lẹ́tà oṣù kẹrin náà ni, bó ṣe wà, kò sí ohun tí mo yí padà. Orí páànù ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe pátákó ẹnu ọ̀nà ni mo fi ṣe é. Bí áyọ́ọ̀nù yín bá gbóyà, kó wá.

Mo nílò èsì kí ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án tó pé. Ẹ má béèrè ìdí. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Èmi ni. Kò sí ẹnì kankan láàárín àwa méjèèjì. Olùkọ́ mi wá síbí ní àárọ̀ yìí, ó yá mi ní irin àti síléètì tó fi ń gún kókó sórí ìwé, ó bú mi dáadáa kó tó lọ. Ìka ń dùn mí, mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí ìwé rẹ kọ́kọ́ dé, mo fọwọ́ pa á títí, ó dán. Ó wá dé ibi tí mo fi sọ fún ara mi pé ìka mi náà ti fọ́jú. Ojú ṣáájú, ìka tẹ̀lé e. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Àbúrò mi, kó lọ sọ ọ́ lórí káńtà? Mo ní kí n fi ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí ọ, ọmọ mi á mọ̀ ọ́n. O ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.

Páànù dé lánàá. Mo kà á títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Mo dé ibi "kò ríran", mo padà sẹ́yìn, mo tún un kà, nítorí mo rò pé ìka mi ń purọ́ ni. Kí n sọ òótọ́ fún ọ: inú bí mi. Ó tó wákàtí kan. Mo ní ṣé afọ́jú kan kò tó nínú ẹbí kan ni? Ìgbà tí mo sọ "afọ́jú kan" tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọdún méjì ni mo fi ń sá fún ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé.

Fẹ́ ẹ. Fẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Ọkùnrin tó mọ̀ pé pátákó dorí kodò nígbà tí gbogbo olójú ń pàtẹ́wọ́, irú rẹ̀ ni mo fẹ́ nílé mi. Sọ fún un pé bó bá dé, kó má fọwọ́ pa mí lójú o. Àwọn tó ríran ló rò pé bẹ́ẹ̀ là ń ṣe. Kó mú ìwé dání, ká jọ jókòó, ká wo ẹni tí ìka rẹ̀ yá jù. Àwa afọ́jú kì í fi ìwé kíkà ṣeré.

Mo ti gba ọ̀pá mi kúrò lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì.

Má tíì sọ fún àbúrò mi. Èmi ni màá sọ ọ́. Láti ọdún méjì, kò sí ohun tó jẹ́ tèmi nìkan mọ́, iye bọ́tìnnì tó kù lára ṣòkòtò mi pàápàá, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n fi ọ̀kan yìí pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn mọ́ mi.

Bàbá rẹ.


(Bírò ni wọ́n fi kọ èyí sẹ́yìn àpòòwé)

Ọmọ mi, èmi bàbá rẹ alágbàfọ̀ ni. Dárí jì mí. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò lọ eléyìí. Orí àwo ni mo gbé e sí dé ilé ìfìwéránṣẹ́ tí mo ti ń kọ èyí, mi ò jẹ́ kí akọ̀wé wọn gbá òǹtẹ̀ lé e, àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Láti àárọ̀ ni bàbá rẹ ti ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Bí mo bá ní kí ló dé, wọ́n á ní, "Òun nìyí, kà á." Èmi tí mo ti ń ka gbogbo lẹ́tà ilé yìí! Mo gbé e síwájú fèrèsé, mo di ojú, mo fi ìka pa á, ìka mi ò gbọ́ nǹkan kan. Áyọ́ọ̀nù ti jó gbogbo rẹ̀ gbẹ. Mo lọ bá obìnrin ṣọ́jà yẹn pé kó bá mi kà á. Ó ní lẹ́tà ọlọ́lẹ́tà ni, ó ní bó bá dùn mí, kí n wá jókòó ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn bàbá rẹ. Mo ti sọ fún un pé mò ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ṣì jìnnà, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, fi bírò sọ òótọ́ fún mi: ṣé wọ́n bú mi níbẹ̀?